Bọ́sẹ̀dé àti Ọkọ̀ Òkun Inú Fóònù

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan, kò sì sí orin kankan nínú rẹ̀ tí ẹ máa bá mi gbè. Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀dé ni, ìyàwó Samson. Ọkọ mi ti kú, Samson sì ni àbúrò rẹ̀. Inú agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìtàjí. Ilẹ̀kùn tèmi kọjú sí tirẹ̀. Bó bá ṣí ìkòkò, mo ti mọ ohun tí wọ́n máa jẹ.

Ìlú Ìsàn la ti gbé e níyàwó wá. Nígbà náà, bí òṣùpá bá ti yọ, iwájú ilé mi ni gbogbo ọmọ ilé máa ń kó ara wọn jọ sí kí n pàlọ́ fún wọn. Ìyàwó tuntun náà á wá jókòó sáàárín wọn. Mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún ìyálé rẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé mo ti rí wàhálà. Bí mo bá ní ìjàpá fi okùn gun òkè ọ̀run, á ní, "Ìyá, ta ló bá a di okùn náà mú lókè?" Bí mo bá ní ẹja jáde nínú odò, ó di ọmọge, á ní, "Ta ló rí i nígbà tó ń yí padà?" Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ìyàwó, ṣé àlọ́ lo wá gbọ́ ni àbí ẹjọ́ lo wá dá?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ẹni tó rí i ni mo kàn fẹ́ mọ̀."

Bó ṣe rí títí nìyẹn. Epo ló ń fọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní pupa. Ó parí ilé ìwé girama, kò lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fún un ní àkàrà, á kọ́kọ́ ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dì í tán kó tó fi àkàrà sẹ́nu. Samson ọkọ rẹ̀ ń roko kòkó àti iṣu, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọdé ni Samson nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí, òun gan-an ló gbé àga tí mo kọ́kọ́ jókòó lé wá. Títí dòní, "ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Obìnrin ni Ẹniọlá, ó ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Ìkọ̀lé. Tìmílẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oúnjẹ ni Tìmílẹ́yìn kọ́ láti máa sè ní Èkó, ibẹ̀ ló wà tó fi ríṣẹ́ kúùkù nínú ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù lórí òkun. Nínú àwa tó wà nílé, kò tí ì sẹ́ni tó rí òkun rí. Nígbà tí ọmọ náà wá dágbére, Samson wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ lọ máa gbé orí omi bíi pẹ́pẹ́yẹ. Kí ni uṣẹ́ rẹ lórí òkun?"

Tìmílẹ́yìn ní, "Bàámi, ebi ń pa àwọn tó wà lórí omi náà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹniọlá ló fi fóònù rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, èyí tójú rẹ̀ fẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Màámi, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ kọ ọ́ síbí yìí. Oríṣiríṣi ìkànnì ló wà. Ìkànnì wà fún iṣẹ́ oko, ó wà fún àìsàn, ó wà fún ìràwọ̀, ó wà fún ẹranko."

Bọ́sẹ̀dé ní, "Ta ló wá rí gbogbo ẹ̀?"

"Ẹni tó rí i ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni àwọn mìíràn ń pa o. Ẹ máa wo ẹni tó kọ ọ́ dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àsìkò yẹn ni ayé gba obìnrin yìí láyè. Igi ọ̀pẹ ló kọ́kọ́ wá. Ó rí ìkànnì kan tó sọ nípa oko ọ̀pẹ ní orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà, níbi tí àwọn ọ̀pẹ náà tò sílà bí ọmọ iléèwé. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí òkè tó ń pọ iná. Láti orí òkè, ó bọ́ sórí ẹja tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun, tí iná àtùpà wà níwájú orí rẹ̀. Bó bá ti rí èyí tó dùn mọ́ ọn, á fi ẹyìn tó ń gún sílẹ̀, á sáré gba àárín agbo ilé wá bá mi.

"Ìyá! Ìyá! Èèrà kan wà tó ń dáko!"

"Kí ló ń gbìn?"

"Olú ni, Ìyá. Inú ilẹ̀ ló ń gbìn ín sí. Ó ń gé ewé wá fi ṣe ilẹ̀dú fún un."

Mo ní, "Ta ló rí i?"

Ó dúró, ó wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi." Ó wá fi fọ́tò èèrà náà hàn mí. Lóòótọ́ ni, wọ́n ru ewé lérí bí àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀. Àmì epo ìka Bọ́sẹ̀dé sì wà lára gíláàsì náà, ó pọ́n yòò lórí wọn.

N kò ní purọ́, inú mi ń dùn sí i. Àwọn ọmọ tí mo ń pàlọ́ fún ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sáré wá bá mi láti wá sọ nǹkan.

Tìmílẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló sọ fún un nípa ìkànnì ọkọ̀. Ó pè láti èbúté kan, ó ní, "Màámi, ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ wa síbẹ̀, ẹ máa rí ibi tí mo wà." Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: omi aláró ló tẹ́ lọ bí aṣọ, ilẹ̀ wà ní etí rẹ̀, àwọn ohun kéékèèké bí ẹyọ àgbàdo sì wà káàkiri orí omi náà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ni. Èyí tó jẹ́ ti Tìmílẹ́yìn, orúkọ obìnrin òyìnbó ni wọ́n fún un. Bọ́sẹ̀dé kì í pe orúkọ náà. "Ọkọ̀ ọmọ mi" ló ń pè é.

Láràárọ̀ kó tó dá iná sábẹ́ àgbá epo, á wo ibi tó dé. Ó tún wá rí ìkànnì tó ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lórí òkun, ó rí òmíràn tó ń sọ bí ìgbì ṣe ga tó. Nígbà tó bá ń fọ epo, á kàn ní, "Ìjì wà níwájú wọn lónìí, Ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n máa yà fún un." Bí ẹni tọ́mọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀yẹ́ ló ṣe ń sọ ọ́.

Samson nìkan ni kì í wò ó. Ó ní, "Èmi ò ní wo ọmọ mi nínú gíláàsì. Bó bá dé, mo máa rí i."

Ìgbà tí àwa dúpẹ́ pé òjò ti rọ̀ dáadáa, tí iṣu ti fà mọ́ ọ̀pá tán, ni ẹyọ àgbàdo náà dúró sójú kan. Ẹniọlá ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa dúró de àyè ní èbúté. A gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé ṣí ìkànnì náà, ẹyọ àgbàdo yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù wà níbẹ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Tiẹ̀ ni ò sí.

Ó pe nọ́ńbà ọmọ náà, obìnrin inú ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn. Ó pe ọ̀gbẹ́ni tó bá Tìmílẹ́yìn wáṣẹ́ ní Èkó, ọkùnrin náà ní àwọn ń wádìí. Nígbà tó tún pè é, kò gbé e mọ́. Oṣù kan kọjá, òmíràn tún kọjá.

Nígbà náà ni ohun tó ń fún un láyọ̀ wá di ohun tó ń jẹ ẹ́. Kò wo èèrà mọ́, kò wo ìràwọ̀. Àwọn olè orí omi ló ń kà nípa wọn. Ọkọ̀ tó rì ló ń kà. Mo bá a lọ́jọ́ kan nídìí àgbá, iná ti kú, epo ti ń dì lójú rẹ̀, kò mọ̀.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá já sínú omi tó tutù gan-an, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú? Kò ní lè di nǹkan mú."

Mo ní, "Pa á. Pa fóònù yẹn kíá."

Ó ní, "Bí mo bá pa á, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ ni?"

Nínú àwọn àlọ́ tèmi, odò a máa gbé ọmọ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá á dúró létí odò, á kọrin, odò á sì dá a padà. Kò sí orin kankan nínú ohun tí Bọ́sẹ̀dé ń kà.

Ó wá bọ́ sórí ìkànnì kan báyìí, ti àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ọkọ̀ òkun, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ kiri. Inú ilé ni mo wà tí mo fi gbọ́ igbe rẹ̀. Èmi àti Samson la jọ débẹ̀. Ọkọ̀ náà ló wà nínú fọ́tò. Ó gun orí yanrìn, imú rẹ̀ ti kúrò bí ẹja tí wọ́n gé lórí, ẹ̀ ń rí inú rẹ̀ láti ìta, yàrá lórí yàrá, àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Samson máa gba fóònù náà. Ó ka lẹ́tà orúkọ tó wà lára ọkọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dá fóònù padà fún ìyàwó rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Ìyá Ẹniọlá, bá mi bu omi."

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí Tìmílẹ́yìn ti dáyé, Ìyá Tìmílẹ́yìn lorúkọ obìnrin yẹn nínú ilé yìí, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́sẹ̀dé dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó bu omi náà fún un. Kí ó tó pẹ́, àwọn obìnrin tó ń bá a gún ẹyìn náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọn ò ṣe é láti fi dùn ún. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ń pe orúkọ ọmọ náà sí i létí, ṣe ni àwọn ń ṣá a lọ́gbẹ́.

Ẹniọlá gun ọ̀kadà wá láti Ìkọ̀lé. Ó gba fóònù, ó ka gbogbo ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò náà, ó tún lọ ka ìkànnì mìíràn. Ó wá pe gbogbo wa jókòó.

Ó ní, "Kì í ṣe ìjì. Bí ọkọ̀ òkun bá ti gbó, àwọn tó ni ín á tà á. Wọ́n á wà á lọ sí orílẹ̀-èdè kan lápá Éṣíà, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ wà á gun yanrìn, àwọn èèyàn á fi iná gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó irin rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ìyá rẹ̀ ní, "Wọ́n sọ̀ kalẹ̀?"

"Ó yẹ kí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, Màámi."

"Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n sọ̀ kalẹ̀."

Ẹniọlá tún fi ìka yí ojú fóònù náà wò.

Samson ní, "Ṣé ẹni tórí rẹ̀ pé ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ tó tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ gun yanrìn, kó wá gé e bí ẹni gé igi? Ẹniọlá, má fi irú ìyẹn tù mí nínú."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ọkọ̀ akẹ́rù tó dàgbà ju awakọ̀ rẹ̀ lọ ṣì ń kó gbàgúdá lọ sí Ìkọ̀lé. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá jábọ́, wọ́n á fi okùn so ó. Kò sẹ́ni tó rí i rí pé wọ́n gé ọkọ̀ tó ṣì ń rìn. Ohun tí ojú Samson rí, ọkọ̀ tó ti ṣègbé ni, àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà sì ti bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí àkókò iṣu tuntun fi dé.

Bí a ṣe ń ṣe é nínú ilé wa rèé. Ìyálé ló ń gé e, èmi nìyẹn. A ó se iṣu náà, gbogbo ilé á jókòó yí mi ká, màá máa gé e, màá máa pe orúkọ gbogbo ọmọ ilé bí a ṣe bí wọn tẹ̀lé ara wọn, ti ìtòsí àti ti òkè òkun. Ẹni tí kò sí nílé, ẹnì kan á dáhùn fún un pé, "Ó ń bọ̀," á sì jẹ ìpín rẹ̀. A kì í pe òkú. Bí mo bá pe òkú, ó dà bíi pé mo ní kó wá bá àwọn alààyè jẹun. Bí mo bá fo alààyè, mo ti fi ẹnu mi sin ín.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Samson wá bá mi.

"Ìyá, ẹ má pè é lọ́la."

"Ọkọ mi kékeré, kí lojú yín rí gan-an?"

"Mo rí ọkọ̀."

Ó dìde, ó lọ. Kò pẹ́ sí i, ìyàwó rẹ̀ náà dé. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí kí n pè é. Kò bẹ̀ mí.

Ó ní, "Ìyá, mo ti wo gbogbo ìkànnì tó wà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọkọ̀. Mo mọ orúkọ etíkun náà. Mo mọ irú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Gbogbo ayé ló wà nínú nǹkan yìí, kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọmọ mi sí."

Mo ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe lọ́la?"

"Mi ò mọ̀."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ẹniọlá ń ṣe ìdánwò ní Ìkọ̀lé, kò lè wá. A se iṣu, a gbé e kalẹ̀, mo gbá ọ̀bẹ mú. Mo ń pe orúkọ, wọ́n ń dáhùn. "Ó ń bọ̀." "Ó ń bọ̀." Àwọn ọmọ kéékèèké ń jà sí ìpín àwọn ará Èkó, wọ́n ń pariwo pé èyí tóbi, èyí kéré. Orúkọ wá kan Tìmílẹ́yìn.

Ọwọ́ mi dúró. Àwọn àgbà ń wo ìkòkò. Samson ń wo ilẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé ní, "Ìyá, ta ló rí i?"

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ lábẹ́ òṣùpá náà ló ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọkọ̀ ni gbogbo wa rí. Mo wo fọ́tò yẹn títí ojú fi ń ro mí. Mo wá yàrá ìdáná rẹ̀ títí mo fi rí i, níbi tí wọ́n gé e dé. Mo rí ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò kà. Kò sí ìkòkò níbẹ̀. Kò sí àwo, kò sí síbí. Ẹnì kan ti kó wọn kúrò. Ọmọ mi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ó kú, kó sọ fún mi. Ta ló rí i?"

Mo gé iṣu náà. Mo gbé e sínú àwo, mo pe orúkọ rẹ̀.

"Tìmílẹ́yìn."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọdé kan fẹ́ na ọwọ́, ìyá rẹ̀ fà á padà. Mo wo Bọ́sẹ̀dé. Gbogbo ohun tó ní ló ti sọ tán. Èéfín ń jáde lára iṣu náà, ó ń dínkù, ó ń dínkù. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá tutù, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn.

Samson dìde. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó pẹ́ kó tó débẹ̀. Ó fi ọwọ́ mú iṣu náà nínú àwo.

Ó ní, "Ó ń bọ̀."

Ó jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ okùn. Ó há a lọ́fun, ó lu àyà rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Tìmílẹ́yìn, bá mi bu omi."

Bọ́sẹ̀dé sáré lọ bu ú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Títí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí, Tìmílẹ́yìn ò tí ì pè. Ẹniọlá ti kọ̀wé sí àwọn kan tí wọ́n ń ran àwọn òṣìṣẹ́ orí òkun lọ́wọ́, orí ìkànnì kan ló ti rí wọn. Wọ́n ní àwọn ti gba orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, kí wọ́n ṣe sùúrù. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa rí.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a jẹ iṣu náà, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí Samson àti ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wọn. Ọkọ́ Samson wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tí ì lọ soko.

Ó ní, "Ṣí ìkànnì ọkọ̀ yẹn."

Bọ́sẹ̀dé ní, "Bàbá Tìmílẹ́yìn, ọkọ̀ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀. Ṣí i."

Ó ṣí i. Omi aláró tẹ́ lọ, àwọn ẹyọ àgbàdo wà lórí rẹ̀. Samson sún mọ́ ọn.

"Gbogbo eléyìí, èèyàn ló wà nínú wọn?"

"Èèyàn ni."

Ó gbé ìka rẹ̀ tí erùpẹ̀ oko wà ní èékánná rẹ̀ sókè, ó rọra fi kan ọ̀kan nínú wọn.

Ó ní, "Wo ibi tí èyí ń lọ fún mi."